Atẹ lẹ ń fì, ẹ ò fọwọ́ kan ẹ̀wà: ọdún mẹ́ta mi pẹ̀lú Neverball

Ọdún kẹta rèé tí géèmù Neverball ti wà lórí laptop tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ní Adó-Èkìtì. Títẹ̀wé àti fọ́tòkọ́pì ni mò ń ṣe. Lásìkò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ń fi prójẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, n kì í ráyè jẹun ọ̀sán. Tí wọ́n bá ti lọ ọlidé, àdúgbò á dá wáí, màá na ẹsẹ̀ sórí pálí bébà, màá ṣí géèmù náà. Láti ìgbà yẹn, mo ti gbá tó mẹ́sàn-án nínú àwọn géèmù bọ́ọ̀lù yíyí yìí, ti kọ̀ǹpútà àti ti fóònù. Àwọn kan dùn débi pé n kì í mọ̀gbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Àwọn kan mú kí n da ojú fóònù bolẹ̀ lórí tábìlì kí n má baà rí i mọ́. Màá sọ̀rọ̀ nípa díẹ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n Neverball ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ dáadáa.

Bó ṣe rí rèé. Bọ́ọ̀lù kan wà lórí pákó tó léfòó lójú òfuurufú. Ẹ ò lè ti bọ́ọ̀lù náà, ẹ ò sì lè gbá a. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ nìkan lẹ láṣẹ lé lórí. Tẹ́ ẹ bá sún máòsì síwájú, pákó á tẹ̀ síwájú, bọ́ọ̀lù á bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Tẹ́ ẹ bá sún un sósì, pákó á fì sósì. Owó wẹ́wẹ́ wà káàkiri ojú pákó: èyí tó pọ́n bí ìyeyè jẹ́ 1, pupa jẹ́ 5, aláwọ̀ aró jẹ́ 10. Ẹ gbọ́dọ̀ kó iye tí ìpele náà bá béèrè kí ọ̀nà àbájáde tó ṣí, kẹ́ ẹ sì débẹ̀ kí àsìkò tó tán. Tí bọ́ọ̀lù bá jábọ́ pẹ́nrẹ́n, ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Màámi ló kọ́kọ́ bá mi wá orúkọ fún ohun tí mò ń ṣe. Ẹ̀wà ni wọ́n ń tà ní Ọjà Ọba láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Lọ́jọ́ kan wọ́n yà sí ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n dúró sẹ́yìn àga, wọ́n wo ojú kọ̀ǹpútà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé ẹ̀wà lò ń fẹ́ ni?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi mọ́. Ẹni tó bá ti jókòó ti ìyá tó ń fẹ́ ẹ̀wà lórí atẹ rí, á mọ̀ pé ọrùn ọwọ́ ló fi ń ṣiṣẹ́ náà. Á fì atẹ díẹ̀ sọ́tùn-ún, ẹ̀wà tó yó dáadáa á yí lọ ṣàà, òkúta àti ìdọ̀tí á dúró sẹ́yìn. Kí ẹ̀wà tó dé etí atẹ, ó ti fì í padà. Kì í dúró dìgbà tó bá dé etí. Gbogbo ẹ̀kọ́ Neverball ló wà níbẹ̀, ó sì gbà mí tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọwọ́ mi tó gbà á.

Eré tí bọ́ọ̀lù bá ti sá kì í kúrò lára rẹ̀ bọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá rí etí pákó kẹ́ ẹ tó rántí pé ó yẹ kó dúró, ẹ ti pẹ́. Ẹ máa fa ilẹ̀ sẹ́yìn dé ibi tó lè dé, bọ́ọ̀lù á ṣì máa lọ níwájú, eré rẹ̀ á máa dínkù, á rọra dé góńgó etí, á fẹ́ dúró, ọkàn yín á sọ̀ kalẹ̀, á sì lọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo bá lọ lo ọlidé lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè, a máa ń fi igi lé táyà ògbólógbòó káàkiri. Ìlú òkè ni, ẹ sì mọ bí ilẹ̀ Èkìtì ṣe rí. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ọmọ ọdún méje lè darí táyà. Tí táyà bá ti bọ́ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, tí ó yí gbirigbiri tó ìgbésẹ̀ mẹ́wàá láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀, ẹni tó bá sáré bọ́ síwájú rẹ̀ fẹ́ fara pa ni. Ibi tó ti yẹ kéèyàn dì í mú ti wà lókè lọ́hùn-ún.

Ohun tó so mí mọ́ àwọn géèmù yìí nìyẹn. Ibi tí bọ́ọ̀lù ti bọ́ kì í ṣe ibi tí àṣìṣe wà. Neverball máa ń jẹ́ kéèyàn fi eré tó ti ṣe pa mọ́, kó sì tún un wò. Mo máa ń wò ó gan-an. Ìpele kan wà tó ní afárá tóóró tó yí kọ́nà lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ti jábọ́ ní kọ́nà kejì débi pé mo gbà pé kọ́nà kejì le jù. Ìgbà tí mo jókòó wo eré náà, mo rí i pé láti kọ́nà àkọ́kọ́ ni mo ti ń jáde pẹ̀lú ìwàǹwára, torí owó pupa kan tí mo fẹ́ mú lọ́wọ́ ọ̀tún. Mo fi owó yẹn sílẹ̀. Kọ́nà kejì ò ṣe mí ní nǹkan kan mọ́. Lọ́jọ́ yẹn inú mi dùn bí ẹni tó yanjú ìṣirò tó ti dá a lágara láti ilé ìwé girama.

Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì kan tó wá tẹ prójẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ mi ló ṣàlàyé ohun tí mò ń rí. Ó fa bébà tó ti bàjẹ́ kan yọ nínú apẹ̀rẹ̀, ó fi bíró kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ wò ó, tí bọ́ọ̀lù tó kún nínú bá ń yí láìyọ̀, ẹ pín agbára eré rẹ̀ sọ́nà méje. Márùn-ún ló ń gbé e lọ síwájú, méjì ló fi ń pòyì." Ìdí nìyẹn tí bọ́ọ̀lù fi máa ń pẹ́ dé ìsàlẹ̀ òkè ju ohun tó bá ń yọ̀ bọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọṣẹ lórí pákó tútù. Ó ní kò sí bó ṣe tóbi tàbí bó ṣe wúwo tó, márùn-ún nínú méje náà ni. Bébà yẹn ṣì wà lára ògiri mi.

Inú géèmù mìíràn, Marble Blast Gold, ni mo ti rí ohun tí ìdá méjì tó ń pòyì yẹn lè ṣe. Ilé iṣẹ́ GarageGames ló gbé e jáde ní 2003. Ilẹ̀ kì í fì níbẹ̀, bọ́ọ̀lù gíláàsì náà gan-an lẹ máa ń darí, ó sì lè fò. Òkúta olówó iyebíye lẹ ń ṣà, àwọn irinṣẹ́ wà tó ń mú un fò ga, èyí tó ń fún un ní eré òjijì, àti èyí tó ń mú un rọra sọ̀ kalẹ̀ bí ewé. Ṣùgbọ́n ẹ lè mú bọ́ọ̀lù náà pòyì nígbà tó ṣì wà lókè. Tó bá wá kan ilẹ̀ pẹ̀lú òyì yẹn, á gé ilẹ̀ jẹ, á sì ta síwájú. Ẹni tó bá ti ta ọ̀kọ̀tó rí mọ bó ṣe máa ń rí, nígbà tí ọ̀kọ̀tó tó ń pòyì bá kan etí nǹkan, tó sì fò sápá ibi tẹ́nikẹ́ni ò rò. Ó dùn mọ́ mi púpọ̀. Síbẹ̀, eré sísá ló wà fún jù, aago ń lé yín ṣáá, mo sì fẹ́ràn géèmù tó máa jẹ́ kí n rọra ṣe é.

Èyí tó rọra ń ṣe nǹkan rẹ̀ nínú gbogbo wọn ni Ballance, tí Cyparade ní ilẹ̀ Jámánì ṣe ní 2004. Bọ́ọ̀lù mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ti igi, ti òkúta àti ti bébà, tẹ́ ẹ ó sì máa pààrọ̀ ọ̀kan sí èkejì lójú ọ̀nà. Ti bébà fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí fáànù máa ń fẹ́ ẹ gbé sókè. Ti òkúta ló lè ti ẹrù wúwo kúrò lọ́nà. Ọwọ́ tí ẹ fi ń yí ti òkúta, ẹ ò lè fi yí ti bébà. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí òkúta tó bá bọ́ sórí bébà á fún un lágbára jù, á sì fò kọjá etí. Èmi fúnra mi máa ń dúró mí èémí kan kí n tó gbéra.

Àwọn tó ṣáájú àwọn yìí pọ̀. Láti 1946 ni BRIO ní ilẹ̀ Sweden ti ń ta àpótí onígi kan tó ní ihò káàkiri, téèyàn á máa fi ọwọ́ méjì yí kọ́bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí bọ́ọ̀lù irin inú rẹ̀ má baà kó sínú ihò. Ní 1984, Atari Games gbé Marble Madness jáde, géèmù inú ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ń gbé sí gbọ̀ngàn eré. Mark Cerny ló ṣe é, ìyẹn ẹni tó tún wá ṣáájú àwọn tó ya àwòrán iṣẹ́ PlayStation 4. Ìpele mẹ́fà péré ni Marble Madness ní, bọ́ọ̀lù ńlá kan lára ẹ̀rọ rẹ̀ ni wọ́n sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ yí. Mo ti wo fídíò rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà torí ìpele karùn-ún, níbi tí bọ́ọ̀lù ti ń yí gun òkè dípò kó yí sọ̀ kalẹ̀. Ní 2001, Sega ṣe Super Monkey Ball, ọ̀bọ nínú bọ́ọ̀lù tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ilẹ̀ ló ń fì níbẹ̀ náà. Ọ̀nà yẹn ni Neverball gbà, Robert Kooima ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tó sì gbé e sílẹ̀ ní 2003 lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú gbogbo kóòdù rẹ̀, kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe lè tún un ṣe. Títí dòní, kò sí kọ́bọ̀ tẹ́nikẹ́ni gbà lọ́wọ́ mi lórí rẹ̀. Ìgbà tí mo wà á sórí laptop nìkan ni mo fi dátà ṣòfò lé e lórí.

Mo dárúkọ dátà torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ fóònù ti ń dùn mí.

Ọmọ àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló fi géèmù bọ́ọ̀lù kan hàn mí lórí fóònù ìyá rẹ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù náà dára, àwọ̀ rẹ̀ ń dán, ìró rẹ̀ lórí pákó yàtọ̀ sí ìró rẹ̀ lórí irin. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo jábọ́. Ìpolówó dé. Mo dúró títí ó fi parí, mo wá àmì ìlà méjì tó dábùú ara wọn tí wọ́n fi ń pa á, ó kéré, mo tẹ ibi tí kò yẹ, ó gbé mi lọ síbi tí mo ti lè ra nǹkan. Mo padà, mo jábọ́, ìpolówó mìíràn. Ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo kà á, mo rí ìpolówó mọ́kànlá. Ìyá ọmọ náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ra dátà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni.

Owó dátà dùn mí, àmọ́ ohun mìíràn dùn mí jù ú lọ. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá jábọ́, ọwọ́ ẹni ṣì rántí. Ọrùn ọwọ́ mọ̀ pé òun ti fì jù ní ibi báyìí, ó fẹ́ tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Àkókò yẹn kúrú gan-an. Tí wọ́n bá ti fi fídíò ọṣẹ ìfọṣọ tàbí ti tẹ́tẹ́ sí i lágbedeméjì, ọwọ́ á gbàgbé. Ẹ óò padà síbẹ̀ bí ẹni tí kò gbá a rí, ẹ óò sì jábọ́ níbì kan náà, ìpolówó á tún wọlé. Ọmọ yẹn rò pé òun ò mọ̀ ọ́n gbá. Ó sọ fún mi bẹ́ẹ̀, ó ní, "Àǹtí, èmi ò mọ nǹkan yìí ṣe rárá." Ìyẹn bí mi nínú. Mo pa dátà fóònù náà, mo ní kó tún un gbá. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, ó ti kọjá ìpele tó ti ń yọ ọ́ lẹ́nu láti àná. Ẹ̀yin òbí, tẹ́ ẹ bá máa gbé irú géèmù yẹn fọ́mọ, ẹ kọ́kọ́ pa dátà.

Ti fífì fóònù fúnra rẹ̀ tún wà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn géèmù yìí lẹ lè fi dídà fóònù sọ́tùn-ún sósì gbá, ó sì yẹ kó jọ fífẹ́ ẹ̀wà lórí atẹ ju ti máòsì lọ. Lórí àga, nínú ilé, ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbá a nínú ọkọ̀ láti Adó lọ sí Ìjerò. Nǹkan kékeré inú fóònù tó ń mọ ibi tí ilẹ̀ wà kò lè dá ìyàtọ̀ mọ̀ láàárín kí ọwọ́ fì fóònù àti kí ọkọ̀ ta gììrì. Dírẹ́bà tẹ bíréèkì, bọ́ọ̀lù mi sáré síwájú bí ẹni pé mo da ilẹ̀ dé. A kó sí kòtò, ó fò sápá òsì. Ẹ fi fóònù sápò nínú ọkọ̀, ó dìgbà tẹ́ ẹ bá délé.

Neverball ní àléébù tirẹ̀, n kò sì ní bò ó. Ojú tí ẹ fi ń wò ó ni ìṣòro àkọ́kọ́. Bọ́tìnì òsì àti ọ̀tún ara máòsì lẹ máa fi yí ibi tẹ́ ẹ ti ń wò, ní àkókò kan náà tẹ́ ẹ ń fi máòsì yẹn fì ilẹ̀. Ọwọ́ kan, iṣẹ́ méjì. Tí ọ̀nà bá yí kọ́nà, tí ojú yín ò sì yí pẹ̀lú rẹ̀, "iwájú" yín kì í ṣe iwájú bọ́ọ̀lù mọ́. Mo ti sún máòsì síbi tó yẹ lójú mi, kí bọ́ọ̀lù sì gba ibòmíràn lọ ní wọ́ọ́rọ́. Títí di ìsinsìnyí, àwọn ìpele tó ní ọ̀nà yíyípo ló ń dá mi dúró jù.

Èkejì, ẹ ò lè mọ jíjìn nǹkan dáadáa. Pákó kejì lè dà bí ẹni pé ó kan ti àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé àlàfo wà láàárín wọn. Ìgbà tẹ́ ẹ bá jábọ́ síbẹ̀ nìkan lẹ máa mọ̀. Irú jíjábọ́ yẹn kò kọ́ mi ní nǹkan kan, ó kàn ń gba àkókò mi ni.

Ẹ̀kẹta jẹ́ ti laptop wa. Tòkunbọ̀ ni tèmi, ó sì ti dàgbà. Láwọn ìpele tí nǹkan bá pọ̀ lójú wọn, àwòrán máa ń já. Nínú géèmù mìíràn, kí àwòrán já díẹ̀ kò ṣe nǹkan. Níbí, ẹ̀ka ìṣẹ́jú àáyá kan tí ẹ ò fi rí bọ́ọ̀lù ni ó fi máa bọ́. Mo dín àwòrán kù nínú ètò rẹ̀, mo yọ òjìji àti dídán ilẹ̀, ó sì dáa díẹ̀. Tí iná bá lọ, tí bátìrì bá ń ṣiṣẹ́, á tún já ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí kọ̀ǹpútà á máa ṣọ́ agbára lò. Nígbà yẹn mo máa ń pa á dé títí àwọn ọmọ ẹ̀yìnkùlé á fi pariwo pé uná ti dé.

Oṣù tó kọjá, mo ní kí Màámi jókòó gbá a. Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀, wọ́n ní, "Kí n má lọ ba nǹkan iṣẹ́ rẹ jẹ́." Mo ní kò sí ohun tí wọ́n máa bàjẹ́. Mo ṣí ìpele kan nínú àwọn tó rọrùn, mo gbé ọwọ́ wọn lé máòsì. Màámi kò lo máòsì rí láyé wọn. Ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá àkọ́kọ́, wọ́n ń gbé e sókè kúrò lórí tábìlì bí ẹni gbé ìgò. Bọ́ọ̀lù jábọ́, jábọ́, jábọ́. Mo fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní kí n fi wọ́n sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà mo rí ọrùn ọwọ́ wọn tó rọ̀. Bó ṣe máa ń rọ̀ tí atẹ bá wà lọ́wọ́ wọn náà ni. Wọ́n fì ilẹ̀ tín-ńtín, bọ́ọ̀lù gbéra, wọ́n sì ti ń fì í padà nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, nígbà tí èmi ì bá ṣì máa ti ilẹ̀ síwájú. Bọ́ọ̀lù náà kò sáré rí. Ó ń rìn ni. Ó dé ẹ̀gbẹ́ owó, ó mú un, ó yà. Ó dé orí afárá tóóró, wọn ò yára, wọn ò dúró. Àsìkò tán mọ́ wọn lọ́wọ́ nígbà tó kù bí ẹsẹ̀ bàtà kan kí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n wọn ò jábọ́ látìgbà tí ọwọ́ wọn ti rọ̀. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ta ló ń lé wọn?" Aago náà ni wọ́n ń sọ.

N kò ní èsì tí mo lè fún wọn. Ó yẹ kí àwọn ìpele kan wà tí kò ní aago rárá, kẹ́nì kan lè fẹ́ ẹ̀wà rẹ̀ bó ṣe wù ú, mo sì ti ń ronú pé bóyá màá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya ìpele tuntun, nígbà tí kóòdù rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ láti inú àwọn ìpele tó rọrùn, kó má sì kánjú dé èyí tó le. Wọ́n le lóòótọ́. Ẹ ra máòsì oníwáyà, ti owó pọ́ọ́kú tó. Èyí tí kò ní wáyà tí mo kọ́kọ́ rà máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó gbọ́ràn, ìpẹ́ yẹn sì tó láti pa bọ́ọ̀lù. Ẹ má fi ìka gbá a lórí pátákó ara laptop tí wọ́n ń fi ìka fà dípò máòsì, ọwọ́ á dùn yín, ẹ ò sì ní lè fì ilẹ̀ tín-ńtín. Bó bá jẹ́ pé tábìlì yín ní aṣọ, ẹ ká a kúrò. Mo fi ìwé àkọsílẹ̀ ẹlẹ́yìn líle kan sábẹ́ máòsì tèmi, ó ti ń dán láàárín gbùngbùn, níbi tí ọwọ́ ti máa ń lọ tó ń bọ̀.